Ọwọ́ Tí Ọ̀bọ Wa Máa Ń Nà Láàárọ̀

Ìyá àgbà á kọ́kọ́ gún ìka ara wọn. Ọ̀bọ wa á jókòó níwájú wọn, ẹ̀wọ̀n ìbàdí rẹ̀ á máa dún, á tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó yọ. Tí ẹ̀rọ ìyẹ̀jẹ̀wò kékeré yẹn bá ti ké píì, ìyá àgbà á pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ọ̀bọ á sì na ọwọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Awakọ̀ tírélà kan tó máa ń kẹ́rù ní Creek Road ló mú un ti òkè wá, ó fún ìyá ìyá mi yìí, torí pé lọ́dọ̀ wọn ló ti ń ra oúnjẹ jẹ. Ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà sí Malu Road, òórùn dísù tírélà kì í kúrò níbẹ̀. Gbogbo awakọ̀ tó bá kọjá ló ń fún ọ̀bọ náà ní búrẹ́dì àti mínírà. Wọ́n ń kẹ́ ẹ ni, lójú tiwọn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó ń mu omi láìdáwọ́ dúró, èèrà sì ń bo ibi tó bá tọ̀ sí. Ìyá àgbà wo àwọn èèrà yẹn, wọ́n mirí. Bí àtọ̀gbẹ tiwọn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Dókítà ẹran sọ pé àtọ̀gbẹ ni lóòótọ́, kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì gba adùn lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà wá di ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà.

"Driver, abeg, no give am mineral. Ṣúgà ti pọ̀ lára ẹ̀."

Àwọn awakọ̀ á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọ̀bọ wo ló ń ṣàìsàn olówó. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló kù tó ń jẹ, ojú rẹ̀ á sì fà ro bí ojú ọmọ tí wọ́n fún lágbo.

Síbẹ̀ ó kú, lọ́jọ́ òjò kan. Àìsàn náà ti wọ̀ ọ́ lára jù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ò ké mọ́ nílé wa, bẹ́ẹ̀ ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì, ẹsẹ̀ wọn ń wú. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n máa tẹ̀ lé ọ̀bọ lọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò yẹ ara wọn wò mọ́.

"Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí, ọmọ mi. Torí kí ọ̀bọ yẹn má baà sá ni mo ṣe ń ṣe bí ẹni tó láyà."

Mo jókòó síwájú wọn, mo na ọwọ́ mi. Mo ní kí wọ́n gún tiwọn, kí wọ́n wá gún tèmi. Wọ́n ní ṣé mo ti wá di ọ̀bọ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì gún ìka wọn. Wọn ò gún tèmi, lọ́jọ́ yẹn àti gbogbo àárọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á kàn di ọwọ́ mi mú títí ẹ̀rọ á fi ké.

Ìyá àgbà ti lọ báyìí, èmi náà ti lọ́kọ, mo ti bímọ. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Tí mo bá jí láàárọ̀, ó ṣì máa ń ṣe mí bíi kí n na ọwọ́ mi síta, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà dì í mú.