Ọmọ Ilé Ṣàngó Tó Ń Sá fún Àrá

"Bàbá, ṣebí ọmọ ilé Ṣàngó ni yín, kí ló dé tí ẹ fi ń sá fún àrá?"

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bi Bàbá Ṣàngówáwa, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní ìbéèrè yìí. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n bu omi wá.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá ní Agbonou, ìlú wa. Àáró ni wọ́n fi ń kọ ebè níbẹ̀: gbogbo ẹgbẹ́ á ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn lọ́la. Joachim ni olórí ẹgbẹ́. Igi irúgbá ńlá kan dá dúró láàárín oko rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, abẹ́ igi yìí ni ẹgbẹ́ máa ń sá sí. Wọ́n á fi Bàbá sáàárín, olúkúlùkù á máa fara kàn wọ́n. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ṣàngó kì í sọ ẹdùn àrá lu ọmọ rẹ̀.

Lọ́dún kan, Bàbá lọ sí ìlú Glei, wọ́n sì rí àwọn màlúù tí àrá pa lábẹ́ igi. Láti ìgbà náà, bí àrá bá ti kù lókèèrè, kí òjò tó kán rárá, Bàbá á ju ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á gba ilé ẹ̀kọ́ onísìmẹ́ńtì tó wà létí títì lọ. Wọn kì í jáde títí àrá á fi dákẹ́ pátápátá.

"Ẹ wá wò ó!" Joachim pariwo. "Ṣàngó ń sá fún Ṣàngó!"

"Bóyá ó jẹ bàbá ńlá rẹ̀ ní gbèsè àgbò ni," Vincent, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́, fèsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi oko ẹlòmíràn sílẹ̀ láìparí iṣẹ́ ti ba àáró jẹ́. Joachim yọ Bàbá kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó wá ku Bàbá àti ìyàwó wọn, Àyọ̀kẹ́, nìkan lóko. Ìdajì ilẹ̀ náà di igbó lọ́dún yẹn. Bàbá kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ wà lóko Joachim nígbà tí àrá kù. Wọ́n wo igi irúgbá, wọ́n wo ara wọn. Kò sí ọmọ Ṣàngó tí wọ́n lè fara tì.

"Ta ló máa kọ́kọ́ débẹ̀?" Vincent béèrè.

Kò sẹ́ni tó lọ. Mo wà ní kíláàsì nílé ẹ̀kọ́ onísìmẹ́ńtì yẹn nígbà tí wọ́n sáré wọlé tọ̀ wá, ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Ojú fèrèsé ni gbogbo wa ti rí i tí àrá la igi náà sí méjì.

Joachim wá bá Bàbá nílé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

Bàbá ní àwọn á padà, bí gbogbo ẹgbẹ́ bá gbà láti máa bọ́ sínú ilé ní kété tí àrá bá ti kù. Wọ́n gbà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí di òní.

Mo ti wà ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ká èmi àti Bàbá mọ́lé, mo sì tún béèrè ìbéèrè àtijọ́ yẹn. Bàbá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Ẹnu èmi ọmọ ilé Ṣàngó kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ pé àrá lè pa mí," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ká ní mo dúró lábẹ́ igi yẹn ni, gbogbo wọn ì bá dúró tì mí."