Àpáta Tí A Fọ́ Lẹ́yìnkùlé

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá mi, lẹ́yìnkùlé ilé wa ní ìgbèríko Ìkọ̀lé, a fi àyè kan sílẹ̀ fún ìyá mi. Ìyá mi fúnra wọn ni wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí a sin bàbá. Wọ́n ní kí àwọn tó ń rẹ́ símẹ́ńtì má ṣe rẹ́ ẹ débẹ̀, pé ibẹ̀ ni àwọn máa sùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbá a láràárọ̀ kí wọ́n tó gbá iwájú ilé. Bí ewúrẹ́ bá dúró síbẹ̀, wọ́n á lé e bí ẹni lé olè. Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ta ló ń bá wọn du ilẹ̀ sàréè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún mi pé àmúwá Ọlọ́run ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àyè náà. Lẹ́yìnkùlé wa, níbi tí òkè ti ń sọ̀ kalẹ̀, àpáta kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ga ju ilé lọ, tó sì gùn gbọọrọ. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, omi á ya wá, á kọlu àpáta yìí, á pín sí méjì, á gba ọ̀tún àti òsì wa kọjá lọ sódò. Ariwo rẹ̀ nìkan la máa ń gbọ́ látinú yàrá.

Iṣẹ́ òkúta fífọ́ ni bàbá mi ń ṣe. Wọ́n á kó igi àti táyà àlòkù sórí àpáta, wọ́n á dáná sí i láàárọ̀, yóò máa jó títí àpáta á fi gbóná janjan. Èmi àti ìyá mi là ń pọnmi. Bí bàbá bá ti kó iná kúrò, wọ́n á ní, "Ó yá." A ó da omi lé e lẹ́ẹ̀kan náà, àpáta á ké, á sì là. Mo fẹ́ràn igbe yẹn gan-an ni. Lẹ́yìn náà la ó jókòó tì í, a ó máa fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ títí ọkọ̀ típà á fi wá kó o.

Nígbà tí àpáta ẹ̀bá títì tí a kọ́kọ́ ń fọ́ tán, bàbá kọjú sí ti ẹ̀yìnkùlé. Kí ló burú níbẹ̀? Ilẹ̀ wa ni, kò sì jìnnà. Òun la fi ṣe ìpìlẹ̀ yàrá tí a fi kún ilé, òun náà ni wọ́n fi rán mi lọ sí ilé ìwé gíga ní Oyè. Jọ́gíráfì ni mo kà, ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí omi ṣe ń gbé ilẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi máa kàwé tán, àpáta náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

Láti ìgbà náà ni omi ti ń wá tààrà. Kò sì dá wá. Ó ń yí èérún òkúta tí a fọ́ kù bọ̀, èérún yẹn ló ń gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Kòtò tí mo lè fò kọjá lọ́dún tí bàbá kú, àgbàlagbà lè dúró sínú rẹ̀ báyìí kí a má rí orí rẹ̀. A di yanrìn sínú àpò, omi gbé e lọ. A gbin koríko, a gbin ọparun, ó hú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí màmá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun l'Ékòó. Ìyá mi ní, "Ulé mi rèé. Ṣé kí n fi bàbá yín nìkan sílẹ̀ ni?"

Lọ́dún yìí, lẹ́yìn òjò ńlá kan, ìyá mi pè mí láàárọ̀. Ọ̀kadà ni mo gùn láti Oyè, níbi tí mo ti ń kọ́ni. Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Sàréè bàbá ṣì wà, ṣùgbọ́n etí símẹ́ńtì rẹ̀ ti yọ síta, kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Àyè ìyá mi ti lọ. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má bínú, wọ́n ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

"Ṣé o rántí bí àpáta yẹn ṣe máa ń ké?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní mo rántí.

"Èmi àtì ẹ la da omi sí i," ni wọ́n wí.

Wọ́n gbá orí sàréè náà dáadáa, wọ́n gbá a dé etí kòtò, wọ́n dúró. Wọ́n rọra gbé ìgbálẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

"Pe ẹ̀gbọ́n ẹ l'Ékòó," ni wọ́n wí. "Sọ fún un pé mò ń bọ̀."