Eyín Iwájú Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

Òórùn kànáfùrù ni yàrá dókítà eléyín yẹn máa ń rùn, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pàdé èèyàn. Kànáfùrù tí ìyá mi ń kó sáàárín aṣọ nínú àpótí, tí mo fẹ́ràn láti kékeré, ni mo wá ń gbóòórùn níbi tí wọ́n ti ń lu eyín èèyàn. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà á rántí bí a ṣe máa ń dúró ní oríta Challenge ní Ìlọrin, tí a ó máa wo ọ̀tún wo òsì bí ewúrẹ́ tó sọnù, kí a tó lè sọdá. Bí èmi àti ìyá mi ṣe ń sọdá lọ sí ọsibítù nìyẹn, ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà á, ẹ̀rù àga dókítà ń bà mí.

Eyín iwájú tòkè ni kòkòrò jẹ. Ká ní eyín ẹ̀yìn ni, ǹ bá má yọ ara mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wòlímọ̀ mi ń bọ̀. Ní Ìlọrin wa, kí wọ́n tó mú ọmọ àfáà lọ sílé ọkọ, ó gbọ́dọ̀ jókòó láàárín àwùjọ kí ó ké Àlùkùránì kí tẹbí tará gbọ́. Bàbá mi ló ni ilé kéwú àdúgbò wa, àwọn àfáà ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀, wọ́n á na etí láti mọ̀ bóyá ọmọ ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ̀ ọ́n ké. Àwọn lẹ́tà kan wà nínú kéwú tí kò sí nínú Yorùbá. Ṣóńṣó ahọ́n gbọ́dọ̀ kan etí eyín iwájú tòkè kí èémí tó gba àárín wọn jáde. Bí eyín yẹn bá kúrò, lẹ́tà kan á di òmíràn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun á sì yí padà lẹ́nu mi lójú gbogbo ayé. Orí ẹní ni mo ti ń kọ́ àwọn lẹ́tà náà láti ìgbà tí mi ò tíì mọ aṣọ ró, mi ò sì ní jẹ́ kí ihò kan gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Dókítà náà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti Èkó wá, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yíyọ eyín náà. Ó gbẹ́ ibi tó kẹ̀ kúrò, ó po nǹkan funfun kan lórí gíláàsì pẹlẹbẹ bí ẹni ń po ògì, ó sì fi dí ihò náà. Ó ní sìmẹ́ńtì eyín ni, pé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní fúlóráìdì wà nínú rẹ̀, tí yóò máa jáde díẹ̀díẹ̀ láti dáàbò bo eyín tó kù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, pé ohun tó dí ihò tún ń ṣe oògùn. Lẹ́yìn náà ló na ìka sí mi.

"Kò sí pákò mọ́ o. Ìgbàkígbà tó o bá ti fẹ́ fọ ẹnu, búrọ́ọ̀ṣì ni kó o lò."

"Ó ti yé mi, sà."

Ọjà Tuntun la ti ra búrọ́ọ̀ṣì náà, èyí tí irun rẹ̀ le jù, nítorí obìnrin tó tà á fún wa ní òun ló ń fọ̀ ọ́ mọ́ jù. Ìwọ náà mọ bí ilé wa ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń ṣe alùwàlá nílé bàbá mi tí kò ní kọ́kọ́ rún orín, bàbá ní súńnà Ànábì ni. Nítorí náà, bí a bá ní ká fọ ẹnu nílé wa, ti Àsùbáà wà níbẹ̀, ti Àìlà wà níbẹ̀, títí dé Ìṣáì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Nígbà tí àwọn yòókù bá fi pákò sẹ́nu, èmi á fi ọṣẹ ìfọyín sórí búrọ́ọ̀ṣì, mà á sì fi tagbáratagbára gbo eyín náà. Mo tún ń dì í sínú áńkáṣíìfù lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ìyàwó òyìnbó.

Kò pẹ́ tí ojú sìmẹ́ńtì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó ń rí ṣákiṣàki bí ahọ́n mi bá kàn án, etí rẹ̀ sì ń jẹ wọnú. Nígbà tí a padà lọ, dókítà wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"O ti padà sídìí pákò."

"Rárá, sà."

"Má purọ́ fún mi."

Ara mi gbóná. Wọn kì í pe ọmọ bàbá mi ní òpùrọ́. Àmọ́ ìyá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, mo bá la ẹnu fún dókítà. Ó tún ibẹ̀ dí, ó sì fi oògùn kan kun gbogbo eyín mi, tó kan bí òroǹbó wẹ́wẹ́. Ó ní fúlóráìdì náà ni, pé yóò ki eyín láyà. Ó tún fi í kùn ún nígbà tí mo lọ fún àyẹ̀wò. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá gba oògùn kíkan yẹn ni sìmẹ́ńtì náà máa ń họ ahọ́n mi jù lọ.

Ìgbà tí a tún lọ, wòlímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Dókítà kò tiẹ̀ wò ó pẹ́. Ó ní ọmọ tí kò gbọ́ràn kò ṣeé tọ́jú eyín fún, kí a jẹ́ kí òun yọ ọ́, kí òun fún mi ní àtọwọ́dá nígbà tí ojú ibẹ̀ bá jinná. Nọ́ọ̀sì ti ń kó irinṣẹ́ bọ̀. Mo dìde lórí àga náà.

"Jókòó, ọmọ yìí," ìyá mi wí.

"Mi ò jókòó, Ìyá. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Dókítà, Wàláì, mi ò fi pákò kan eyín yìí látọjọ́ tẹ́ ẹ ti sọ fún mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ṣe alùwàlá ni mo ń lo búrọ́ọ̀ṣì yín!"

"Kí ló kan alùwàlá nínú ọ̀rọ̀ eyín?"

Mo yọ búrọ́ọ̀ṣì náà nínú áńkáṣíìfù, mo gbé e síwájú rẹ̀. Irun rẹ̀ ti fẹ́ yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́. Mo ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń fọ ẹnu nílé wa, láti ìdájí títí di àkókò oorun. Ó wo búrọ́ọ̀ṣì, ó wò mí.

"Àárọ̀ àti alẹ́ ni mo sọ."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ìgbàkígbà lẹ wí."

"Ìgbàkígbà lẹ wí, dókítà," ìyá mi tí kò tíì dá dókítà lóhùn rí ló sọ ọ́.

Mo ní n kò tíì parí. Mo bi í léèrè ìdí tí sìmẹ́ńtì náà fi ń họ ahọ́n mi ní gbogbo ìgbà tó bá ti fi oògùn kíkan yẹn kun eyín mi. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ló fà mí jókòó jẹ́jẹ́, ó sì fi irin tín-ín-rín họ ojú sìmẹ́ńtì náà. Ó ní òótọ́ ni pé oògùn náà ń fi fúlóráìdì kún ti inú sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ lè máa jẹ ojú sìmẹ́ńtì náà. Búrọ́ọ̀ṣì líle wá ń gbá èyí tó ti rọ̀ lọ. Ó ní òun ò rò pé ó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò bẹ̀ mí, èmi náà ò sì retí ẹ̀bẹ̀; sìmẹ́ńtì tuntun ni mo ń fẹ́.

Ó dí i lọ́tun. Ó ní oògùn tí kò kan ni òun yóò máa lò fún mi, kí n wá búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kí n sì máa fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ nílé, ó ní ìka àti omi tó fún alùwàlá yòókù. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò níbẹ̀, mo sọ fún dókítà pé pákò á ṣì máa fọ eyín ẹ̀yìn mi, nítorí kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀.

"Olórí kunkun ni ẹ́," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìròyìn náà dé ilé ṣáájú wa. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ní ọmọ tó bá dókítà jiyàn yóò bá ọkọ jiyàn. Kò parọ́ o, bi ọkọ mi. Nígbà tí ọjọ́ wòlímọ̀ pé, mo jókòó láàárín àwùjọ, mo bo orí mi, mo ké Àlùkùránì. Nígbà tí mo dé ibi àwọn lẹ́tà yẹn, mi ò sáré. Mo fi ahọ́n kan etí eyín náà, èémí gba ibẹ̀ jáde bó ṣe yẹ, mo sì rí bàbá mi tó di ojú rẹ̀ tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín láàárín ìkéwú.

Wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú ihò yẹn lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà, oríṣi tuntun ń dé, àwọn dókítà tó kéré sí ọmọ mi ló ń dí i báyìí. Eyín náà ṣì wà. Dókítà ará Èkó yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n ó ti dá mi lẹ́jọ́ kí ó tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, èmi ni ǹ bá sì fi eyín san án. Ó mọ̀ nípa eyín jù mí lọ, mo gbà á fún un títí dòní. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu mi, nítorí ẹnu mi ni.