Mángòrò Ìyá Mi Níwájú Ẹ̀rọ

Mo rántí ìgbà tí mo gbé ẹ̀rọ kan wá sí oko wa ní Àgọ́-Àrẹ, tí mo sì rò pé kò sóhun tí mi ò mọ̀ mọ́. Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa èso. Ẹ̀rọ náà kò ju àpótí kékeré lọ: a máa ń tan ìmọ́lẹ̀ sí èso nínú rẹ̀, kámẹ́rà á sì gba èyí tó bá wọ inú èso náà tó padà jáde. Bí inú rẹ̀ bá dára, àwòrán rẹ̀ á mọ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà; bó bá ti ń jẹrà, ojú ibẹ̀ á dúdú. A ò ní gé e, a ò ní tẹ̀ ẹ́ wò. Mo tún wá wọ aṣọ funfun gbọọrọ bíi dókítà, nínú oòrùn Òkè-Ògùn.

Oníṣòwò kan tó ń kó èso lọ sókè òkun ni mo fẹ́ fi mángòrò ìyá mi hàn. Ọdọọdún ni wọ́n ń jẹrà sábẹ́ àwọn igi tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un, nítorí kò sílé tí kò ní tirẹ̀ ládùúgbò wa, ta ni yóò rà á? Oníṣòwò náà ní bí ẹ̀rọ bá ti fi hàn pé inú wọn dára, òun á máa wá kó wọn lọ́dọọdún. Ìyá mi fọkàn sí i gan-an. Mo sọ fún un lórí fóònù pé a máa ya fọ́tò àwọn èso náà, kó ṣa èyí tó dára jù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ tí oníṣòwò náà wá, apẹ̀rẹ̀ kan ni ìyá mi gbé wá, gbogbo wọn ń dán. Mo tiẹ̀ yìn ín. Mo kó wọn sínú àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì jáde pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú. Ojú tì mí. Mo sọ fún oníṣòwò náà, níwájú ìyá mi, pé inú wọn ti bàjẹ́.

Ìyá mi ò jiyàn. Ó mú ọ̀bẹ, ó nà án sí mi.

"Ọmọ mi, gé ẹyọ kan wò."

"Màmá, a ò nílò ọ̀bẹ. Ohun tójú ò lè rí ni ẹ̀rọ yìí ń rí, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Oníṣòwò náà dágbére, ó gba ọ̀nà Ṣakí lọ.

Ìgbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ ni mo rí i pé ìsàlẹ̀ àpótí náà ń yọ̀, tó ń rùn bí òrí. Mo bi ìyá mi. Ó ní ṣé èèyàn máa ń ya fọ́tò láì para ni. Ìdájí lòún ti jí tóun fọ gbogbo wọn, tóun fi òrí pa wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tó ti lọ sílé, mo fọ ẹyọ kan dáadáa, mo tún un gbé sínú àpótí. Inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Òrí ló da ìmọ́lẹ̀ rú. Mo pe oníṣòwò náà, àmọ́ ó ti rí mángòrò mìíràn.

Mi ò sọ fún ìyá mi. Mo ń tan ara mi pé mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀ láti gé ẹyọ kan péré.

Láti ọjọ́ náà, kò fún ẹnikẹ́ni ní mángòrò mọ́ láì kọ́kọ́ là á. Á yẹ inú rẹ̀ wò, á rí i pé ó pọ́n, pé ó mọ́. Á wá mirí, á ní ojú òun ni ò rí i, ọmọ òun tó kàwé ti ní ó bàjẹ́. Á sì dà á nù. Mo máa ń jókòó tì í.

Ìyá mi ti kú báyìí, èmi ló sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní lílo ẹ̀rọ náà. Ó wúlò, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, èmi ló gbà gbọ́ ju ojú ara rẹ̀ lọ, mo sì jẹ́ kó gbà mí gbọ́.