Ìdílé Ọlọ́kàn Kíki

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kú, Aṣàyàn ka irúgbìn tó wà níwájú rẹ̀ tán kó tó dìde lórí àga. Ẹni tó wá sọ fún un dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí igbe. Igbe kò wá. Aṣàyàn ka hóró àgbàdo náà pé ọgọ́rùn-ún, ó dà wọ́n sínú àpò pépà, ó kọ nọ́ńbà sí i lára, ó wá ní kí àwọn máa lọ.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn kan ní kò láàánú lójú. Àwọn mìíràn ní ẹ má dá a lẹ́bi, ìbànújẹ́ ló dorí rẹ̀ kodò. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí ì bá mú níbẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ etí rẹ̀, inú rẹ̀ dà bíi yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Nígbà ìsìnkú, ó ń kí àwọn tó wá kí i, ó ń bá wọn gbé àga, ó ń béèrè bóyá wọ́n ti rí omi mu.

Ọdún kejìlélógún rèé tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìwádìí irúgbìn. Ìdí tábìlì gígùn kan lábẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa ṣa irúgbìn: èyí tó dọ́gba lọ sápá ọ̀tún, èyí tí kòkòrò ti jẹ lọ sínú garawa, èyí tó yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀ lọ sínú àpò tirẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Aṣàyàn ti wá, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn ará ilé gan-an ń fi pè é. Ọ̀gá wọn, àgbàlagbà kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbójú sókè nídìí ìwé, ní òfin kan ṣoṣo: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da èyí tó yàtọ̀ nù. Hóró tó pọ́n láàárín funfun, irúgbìn igi tó kúrú láàárín àwọn tó ga, kálukú ló ní àpò. Tí wọ́n bá bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, á ní òun ò tíì mọ̀.

Bíríkìlà ni ẹ̀gbọ́n tó kú yẹn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì. Kò já bọ́ láti òkè o. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ láti mú irinṣẹ́ tó fi ń rẹ́ sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ ni, kò sì nàró mọ́. Nítorí pé aláwàdà ni, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Báyìí gẹ́lẹ́ ni bàbá wọn ṣe lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Aṣàyàn nígbà yẹn. Bàbá ń bọ́jú lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, omi ṣì ń kán lójú rẹ̀, ló bá ṣubú lu ògiri. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní ayé ló ṣe é. Ìyá wọn ní iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló pa á. Kálukú mú èyí tó bá a lára mu, wọ́n sì pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Dókítà obìnrin tó yẹ òkú bíríkìlà wò ló ṣí i padà. Ó béèrè irú ikú tó pa bàbá. Nígbà tí Aṣàyàn ṣàlàyé tán, dókítà gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní gbogbo ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn pátá ní láti wá ṣe àyẹ̀wò. Aṣàyàn lọ, bí ẹni ń lọ pọnmi. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n fi òróró pa á láyà, ọkàn rẹ̀ sì hàn lójú ẹ̀rọ ní dúdú àti funfun, ó ń ṣí, ó ń pa dé. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọkàn ẹlòmíràn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kọ̀ jálẹ̀ ní tirẹ̀. Kóòṣì eré sísá ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ọmọbìnrin Aṣàyàn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, sì wà lára àwọn tó ń kọ́. Kóòṣì ní ẹni tó ń sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹwàá láràárọ̀, kí ló ń wá lọ́sibítù? Ó ní ẹni tó bá wá àìsàn lọ yóò rí i. Ó tún fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ti fẹ́ máa ṣa èèyàn báyìí bó ṣe ń ṣa àgbàdo. Aṣàyàn kò bá a jiyàn. Ẹni tó máa jiyàn gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan tó ń gbóná nínú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dókítà ránṣẹ́ pè é. Ó ya ọkàn méjì sórí pépà, ògiri ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri èkejì ki. Ó ní èyí tó ki yìí ni ti ìdílé wọn. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogójì ọdún láìṣe èèyàn ní nǹkan kan, títí ọjọ́ kan tí ìlùkìkì ọkàn yóò lọ́ pọ̀ mọ́ra, tí kò ní rí ara rẹ̀ tú.

Aṣàyàn béèrè bó ṣe débẹ̀. Dókítà ní inú gbogbo ara wa ni ìwé kan wà, òun ló ń sọ fún ara bí yóò ṣe mọ ara rẹ̀ bí ẹni mọ ilé: ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìwé ọ̀hún gùn ju ohun tí ẹnu lè ròyìn lọ, ìgbàkígbà tí ara bá sì ń dà á kọ, àṣìkọ kì í ṣàì wọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú àṣìkọ náà ni kì í ṣe nǹkan kan. Ti ìdílé wọn ló ṣe nǹkan: lẹ́tà kan ṣoṣo, níbi tí wọ́n ti kọ bí ẹran ọkàn yóò ṣe nípọn tó. Ẹ̀dà méjì ló wà lọ́wọ́ bàbá wọn, ọ̀kan mọ́, ọ̀kan ní àṣìkọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan nínú méjèèjì, bí ìgbà téèyàn bá ju owó ẹyọ sókè. Èyí tó ní àṣìkọ ló kan Aṣàyàn.

“Ta ló kọ́kọ́ ṣì í kọ?” ló béèrè.

“A ò lè mọ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lára bàbá yín, ó lè ti wà láti ìran mẹ́wàá sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi ẹ̀.”

“Tó bá ń pa èèyàn, kí ló dé tí kò tíì tán nínú ìdílé?”

Dókítà fọwọ́ kan ọkàn tó ki lórí pépà náà. “Torí pé ó máa ń jẹ́ kí èèyàn bímọ ná.”

Aṣàyàn mi orí. Èyí yé e ju gbogbo ohun tí dókítà ti sọ lọ. Igi tó bá kú kó tó so, àrùn rẹ̀ bá a wọlẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá ti so kó tó kú, àrùn rẹ̀ ti wà nínú àpò, ó ń retí òjò. Ọmọ mẹ́ta ni bàbá wọn ti bí kó tó lọ bọ́jú lẹ́yìnkùlé.

Láìjẹ́ pé wọ́n bi í, ó sọ fún dókítà nípa ọdún tí àrùn ewé wọ ọgbà wọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀. Láàárín oṣù kan, odindi ilẹ̀ àgbàdo kan gbẹ, nítorí pé wọ́n jọra wọn bí ìbejì, ohun tó pa ọ̀kan ló pa gbogbo wọn. Igi mẹ́tàlá péré ló dúró. Inú àpò èyí tó yàtọ̀ ni wọ́n ti wá, ewé wọn rí ràdàràdà, ẹnikẹ́ni ò kà wọ́n sí tẹ́lẹ̀. Irúgbìn wọn làwọn àgbẹ̀ ń gbìn báyìí.

“Ṣé àṣìkọ lèyí náà?”

“Àṣìkọ ni. Àṣìkọ ò mọ ibi tó ń lọ, Màmá. Ó kàn ń lọ ni. Ibi tó bá bọ́ sí la ti ń mọ̀ bóyá ire ni àbí ibi.”

Ó dúpẹ́, ó gba oògùn tí yóò máa lò láràárọ̀, ó sì padà síbi iṣẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá pé òun ò ní lè máa gbé àpò ńlá mọ́. Ọ̀gá ní kó jókòó, ó lọ gbé àpò ọjọ́ yẹn fúnra rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó ṣe rí.

Dókítà tún ti ní kí àwọn ará ilé kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tó bá dákú. Ọmọ Aṣàyàn lọ síbi ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà. Ère oníke ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó dé ilé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ère náà ò ní ẹsẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́, kóòṣì fọn fèrè, ó gbé ọwọ́ sókè kí àwọn ọmọ máa sáré, ó sì wó lulẹ̀. Àwọn yòókù sá sẹ́yìn. Ọmọ Aṣàyàn nìkan ló sá síwájú. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ara wọn, ó ń tẹ àyà àbúrò ìyá rẹ̀, ó ń kà á sókè, aṣọ́nà ilé ẹ̀kọ́ sì lọ gbé ọkọ̀ wá. Ní ìtẹ̀ kẹrìnlá, ó gbọ́ tí eegun ìhà kan kán. Kò dúró. Wọ́n gbé kóòṣì dé ọsibítù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ oníná ta ọkàn rẹ̀ jí.

Nígbà tí Aṣàyàn débẹ̀, ọmọ rẹ̀ wà lórí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, koríko pápá ṣì lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀. Ìyá jókòó tì í.

“Màámi, ẹ ò tiẹ̀ sunkún. Ẹ̀gbọ́n yín kú, ẹ ò sunkún. Èyí náà, ẹ kàn jókòó bí ẹni ń retí ọkọ̀.”

“Mo wá a. Mi ò rí i.”

“Kí lẹ wá?”

“Ẹkún náà.”

Ọmọ gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ìyá sì mọ̀ pé orí ló wà níbẹ̀, ó mọ bó ṣe wúwo tó.

Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì lajú. Ohùn rẹ̀ ti há. “Ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, “àpò wo lẹ fi mí sí?”

“Àpò kan náà la jọ wà.”

Ó rẹ́rìn-ín, eegun ìhà rẹ̀ sì jẹ́ kó kábàámọ̀ ẹ̀rín náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, èyí tí yóò máa ta ọkàn rẹ̀ jí tó bá tún fẹ́ ṣìnà.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni èsì àyẹ̀wò méjì tó kù jáde. Ti ọmọ Aṣàyàn mọ́, èyí tó dáa ló kàn án. Ti ọmọ tí bíríkìlà fi sílẹ̀, ọmọdébìnrin ọdún mọ́kànlá, kò mọ́. Aṣàyàn gbọ́ méjèèjì lórí àga kan náà. Ó dúró bóyá ayọ̀ máa dé nítorí ọ̀kan, àbí àánú nítorí èkejì. Kò sí èyí tó dé. Ó béèrè bóyá òun lè lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun fúnra òun, kó má baà jẹ́ pé lẹ́tà ni yóò bá a nílé.

Ó bá opó náà níbi tó ti ń ya irun ọmọ, ìlàjì ti di dídì, ìlàjì ṣì dúró gan-an. Ó ṣàlàyé bí dókítà ṣe ṣàlàyé fún òun. Ó ní wọ́n á máa wo ọkàn ọmọ náà lọ́dọọdún, pé tó bá ki, ẹ̀rọ wà, oògùn wà, ohun tí bàbá ọmọ kò rí lò. Opó náà béèrè bóyá èpè ni. Aṣàyàn ní kì í ṣe èpè, àṣìkọ ni. Opó dìde, ó lọ sunkún ní yàrá. Ọmọ ṣẹ́ku lórí ilẹ̀, ó di òòyà mú, kò mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Aṣàyàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó di irun náà tán. Ìlà rẹ̀ tọ́, kò fà á le.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ Aṣàyàn kò fi sáré. Ó ní tí òun bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, òun á gbọ́ ìró eegun yẹn. Kóòṣì, tó ti ń jókòó lórí àga fọn fèrè báyìí, kò fi ipá mú un. Lóṣù karùn-ún, ó padà sórí pápá. Kò yára tó ti tẹ́lẹ̀, kò sì sọ ohun tó dá a padà.

Nígbà tí ọdún yípo, dókítà ní ọkàn Aṣàyàn náà ti tó fi ẹ̀rọ sí. Ó gbà. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni ọjọ́ tí òun lè padà síbi iṣẹ́, torí àkókò ìkórè ti wọlé dé, tábìlì yóò ti kún. Ọmọ rẹ̀ wá mú un. Wọ́n jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀, ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tó yá, ọmọ ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ wá ibi tí ẹ̀rọ náà wà.

“Ó le,” ni ọmọ wí.

“Ọwọ́ ẹ tutù.”

Ọmọ fẹ́ fa ọwọ́ náà kúrò. Aṣàyàn ní kó fi í síbẹ̀.