Òtútù Tí Niña Uba Rà

Ẹ wá wo ayé: ẹni tó ń sá fún òtútù ju bí wọ́n ṣe ń sá fún ejò lọ ló dìde lọ́jọ́ kan tó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù. Takisí tèmi ló wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ náà jù mí lọ.

Niña Uba ni gbogbo àdúgbò wa ní Barranquilla, ìlú olóoru, ń pè é; “Niña” la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin. Àgbà obìnrin ni, ó ga, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn, iṣẹ́ yìí náà ló sì fi tọ́ Nuris, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹ̀wù tí Niña Uba bá lọ̀, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó tán, ẹ̀wù náà á ṣì wà ní ìdúró. Tí ọdún Ìyá Wa ti Carmen, Wúńdíá Mímọ́, bá dé ní oṣù Keje, tí í ṣe ọdún àwa awakọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń gbé ẹ̀wù funfun mi lọ. Tí mo bá wọ̀ ọ́ tẹ̀lé ère Ìyá Wa nígboro, ẹ ó rò pé èmi ni mo ni gbogbo ọkọ̀ ìlú.

Òfin kan wà tí ẹni tó ń lọ aṣọ nílùú wa kì í rú. Tí ayọ́ọ̀nù bá ti mú ara rẹ gbóná, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan omi tútù, o ò gbọdọ̀ ṣí fíríìjì, afẹ́fẹ́ tútù ò sì gbọdọ̀ fẹ́ sí ọ lára títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pasmo á mú ọ: ọwọ́ á gan, ẹnu á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nuris tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Bogotá ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó sọ ẹni tó wọ́ ẹnu ìyá òun àgbà nígbà náà.

Àwọn ọmọ Nuris, Dairo àti Mailén, ló fa ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Bogotá, ìlú olótùútù, ni wọ́n bí wọn sí. Nígbà tí wọ́n wá lo ìsinmi lọ́dún tó kọjá, ooru mú wọn débi ẹkún, kò sì pẹ́ tí Leonor, ìyá ọkọ Nuris tóun náà ń gbé Barranquilla, fi rán mọ́tò wá kó wọn. Gbogbo yàrá ilé ìyẹn ló ní ẹ̀rọ. Wọn ò padà sọ́dọ̀ Niña Uba mọ́ àfi ọjọ́ tí wọ́n wá dágbére. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó juwọ́ sí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, kò sì jáde títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dùn mí wọ eegun.

Lọ́dún yìí, wọ́n ní àwọn tún ń bọ̀. Niña Uba wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọkọ̀.

“Carmelo, gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amúlétutù.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Ta ló fẹ́ lò ó?”

“Ẹni tó bá máa sùn nílé mi ni. Àbí o fẹ́ kí Leonor gba àwọn ọmọ yìí mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá?”

Mo ju àkísà sílẹ̀. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn onígíláàsì ṣí fúnra rẹ̀, òtútù tú jáde, Niña Uba sì fò sẹ́yìn bí ẹni tí epo gbígbóná ta sí.

“Kí ló tún dé?”

“Mo lọ aṣọ láàárọ̀.”

“Yéè! Báwo lèèyàn ṣe ń ra òtútù láìwọ inú òtútù?”

“Ìwọ wọlé. Mo máa dúró síbí. Ojú mi ń ríran, ẹnu mi sì ń dún.”

Bó ṣe di pé inú oòrùn ló ti ra ẹ̀rọ nìyẹn, tó ń pariwo wọlé láti ojú títì. Yair, ọmọkùnrin tó ń tajà, bẹ̀ ẹ́ títí: “Mà, ẹ wọlé, ẹ fara balẹ̀ wò ó.”

“Mò ń wò ó, ọmọ mi. Tan èyí tí wọ́n ń fi sójú fèrèsé yẹn kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.”

Yair tan án. Ó bú ramúramù.

“Pa á! Wọ́n á rò pé mò ń lọ ata nínú yàrá. Èyí tó wà lára ògiri yẹn ńkọ́?”

Ìyẹn ò dún rárá. Niña Uba ní kí n lọ dúró sábẹ́ rẹ̀, kí n sọ bó ṣe rí fún òun. Takisí tèmi ò ní ẹ̀rọ. Mo dúró, mo dijú, mo gbàgbé orúkọ ara mi.

“Carmelo! Ṣé oorun lo wá sùn ni?”

“Niña Uba, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.”

Yair bi í bí yàrá náà ṣe tóbi tó. Ó ní gígùn rẹ̀ jẹ́ tábìlì ìlọṣọ òun méjì ààbọ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ méjì, ó wá na ọwọ́ méjèèjì kí ọmọ náà lè mọ bí tábìlì ṣe gùn tó. Ó ní páànù ni òrùlé, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń wọlé tààrà. Mo nàka sí ẹ̀rọ tó tóbi jù.

“Ẹ gbé ìyẹn, kí ooru lè mọ̀ pé ẹ ti dé.”

“Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.”

Yair gbè Niña Uba. Ó ní ńlá á kàn tutù wàrà á sì dákẹ́, ara yàrá á máa rin, owó iná á sì wọ́n. Kékeré ò sì ní rí ìsinmi lábẹ́ irú páànù yẹn. Ti àárín ló bá a mu.

“Èèyàn mélòó ló máa sùn níbẹ̀, Mà?”

“Mẹ́ta.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?” mo bi í.

Ó wò mí bí ẹni wo òmùgọ̀. “Èmi? Ṣebí mò ń lọ aṣọ.”

Ó ka owó lé mi lọ́wọ́ kí n lọ san án. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ sára ògiri yàrá, òun alára sì ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí ọdún Carmen ku díẹ̀, mo lọ kó Nuris àtàwọn ọmọ ní pápákọ̀ òfurufú. Niña Uba ti ń lọ ẹ̀wù àwa awakọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, tèmi ṣì wà nínú apẹ̀rẹ̀. A jẹ ẹja díndín àti ìrẹsì alágbọn. Lẹ́yìn náà ló nàka sí yàrá.

“Ẹ wọlé, ẹ tètè tilẹ̀kùn kí òtútù má jáde!”

Àwọn ọmọ kígbe ayọ̀. Niña Uba jókòó ní pálọ̀ sórí àga rẹ̀ tó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, òógùn ń ṣàn, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“O rí i, Carmelo? Wọn ò lọ mọ́.”

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Mailén yọjú. “Ìyá àgbà, ẹ máa bọ̀.”

“Tilẹ̀kùn, ọmọ mi. Mo ti lọ aṣọ.”

Ó tún ṣí. Dairo ni. “Ṣé ara yín ti wá tutù báyìí?”

“Kò tíì tutù. Tilẹ̀kùn!”

Nígbà tó ṣí lẹ́ẹ̀kẹta, Mailén gbé ìrọ̀rí jáde, ó sì dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Dairo wọ́ mátírẹ́ẹ̀sì tẹ̀lé e. Nuris náà jáde, ó wá àyè dùbúlẹ̀ sí.

“Ṣé orí yín pé ṣá? Ooru á pa yín! Kí ni mo wá ra ẹ̀rọ fún?”

“Ilé Ìyá àgbà Leonor náà ní ẹ̀rọ,” Mailén dáhùn, ojú rẹ̀ ti ń pọ́n fún ooru. “Ẹ̀yin la wá bá.”

Niña Uba fi páálí bo ojú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn ọmọ náà.

“Carmelo, lọ pa ẹ̀rọ yẹn, iná ń jó lásán.”

Mo wọlé láti lọ pa á. Kí n má purọ́, mo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ díẹ̀, títí ó fi pariwo orúkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ gba ẹ̀wù mi. Mi ò gbóòórùn sítáàṣì. Ayọ́ọ̀nù wà lórí pẹpẹ, ó ti fi wáyà rẹ̀ dì í. Ó na ẹ̀wù mi sí mi bí mo ṣe gbé e wá.

“Niña Uba, ẹ ò tíì lọ̀ ọ́!”

“Mi ò sì ní lọ̀ ọ́. Mò ń lọ sùn nínú òtútù pẹ̀lú àwọn ọmọ.” Ó tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, kí òtútù má bàa jáde.

Bí gbogbo awakọ̀ àdúgbò wa ṣe tẹ̀lé ère Ìyá Wa lọ́dún yẹn nínú ẹ̀wù funfun tó rún jégejège nìyẹn. Àwọn awakọ̀ àdúgbò kejì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Niña Uba wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó di ọmọ kọ̀ọ̀kan mú lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó wọ súwẹ́tà Nuris nínú oòrùn tó ń jóni yẹn, ó ní òtútù àná ò tíì tán lára òun.

“Carmelo, ẹ̀wù rẹ ò dáa o!”

Mo wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, bóyá pasmo ti mú un. Kò wọ́. Ẹ̀rín ló yà á dé etí méjèèjì.