Gẹ̀ẹ́sì Nínú Oko Ẹ̀gẹ́

Inú tètè máa ń bí mi. Títí di òní, bí mo bá rántí Màdáàmù tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, àyà mi á kọ́kọ́ gbóná kí n tó rántí pé obìnrin náà fẹ́ràn wa. Iṣẹ́ àgbẹ̀ là ń kọ́. Ayé sójà ni, ilé-ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún tì í pa, gbogbo wa ló fẹ́ kúrò nílùú. Àwọn òyìnbó kan máa ń wá sí Ìbàdàn láti mú ẹni tó bá pegedé lọ kàwé sí i lókè òkun, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọdún tó ṣáájú tiwa, ẹni tó mọ̀wé jù dé iwájú wọn, ó ń kálòlò, wọ́n ní kó máa lọ. Màdáàmù sunkún nítorí ẹ̀. Ló bá ṣòfin: bí a bá ti dé abúlé tí a ti ń ṣiṣẹ́ oko lọ́nà Akanran, Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ó máa sọ títí a ó fi padà wọ mọ́tò. Ẹni tó bá sọ Yorùbá, òun ò ní fọwọ́ sí i pé kó lọ síwájú àwọn òyìnbó. Kò sì nílò ẹ̀ṣọ́, nítorí àwa fúnra wa là ń fẹjọ́ ara wa sùn.

Ọ̀rẹ́ mi gba òfin náà bí ẹni gba ìgbàgbọ́. Ọmọ Ìyànà Ọ̀fà ni, tíṣà ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kú, òun sì ni àkọ́bí. Ó fẹ́ lọ sókè òkun débi pé ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ajílẹ̀ fún ewúrẹ́. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó ní bó bá yé ewúrẹ́, á yé òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú àwọn òyìnbó ni wọ́n rán àwa méjèèjì lọ wọn ilẹ̀ kan lẹ́yìn abúlé. Baálẹ̀ ti yọ̀ǹda láti oṣù tó ṣáájú. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé láìpẹ́ sígbà náà, àwọn tó ní àwọn ti ra ilẹ̀ náà kó ọlọ́pàá àti katapílà wá. Wọ́n hú ẹ̀gẹ́ olóko, wọ́n sì fi ìdí ìbọn fọ́ orí ọmọkùnrin kan tó dúró dí wọn lọ́nà. Ẹnikẹ́ni tí a bá kí lọ́nà ì bá sọ fún wa, ṣùgbọ́n a ò fi Yorùbá kí ẹnikẹ́ni.

Bàbá àgbàlagbà kan ń roko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò kọjá lára àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní kí i pé àrokobọ́dúndé? Mo ti lanu tán. Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí mo bá dán an wò, Màdáàmù á gbọ́. Mo panu mọ́. Òun wá kí bàbá náà ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì kọjá. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, bàbá ti gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń sáré lọ sí abúlé.

A ta téèpù. Mo di ọ̀pá ìwọnlẹ̀ mú, ọ̀rẹ́ mi ń fi Gẹ̀ẹ́sì ké iye tó bá jáde, tohùn-tohùn, torí ó ń fi ìyẹn náà kọ́ra. Ìgbà tí mo gbójú sókè, àwọn ará abúlé ti yí wa ká pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀.

Wọn ò bi wá ní nǹkan kan. Ẹnì kan fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi lẹ́yìn, mo dojú bolẹ̀. “Ẹ tún padà wá,” wọ́n ń wí. “Ẹ tún padà wá wọn ilẹ̀ wa.” Mo dìde, mo fi ọ̀pá ọwọ́ mi la ẹnì kan lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Inú mi dùn nígbà tó bà á, mi ò ní parọ́. Ni wọ́n bá bò mí. Ẹnì kan jókòó lé mi lẹ́yìn, òmíràn ń fi gìgísẹ̀ tẹ ọwọ́ mi títí ìka mi fi ṣẹ́. Ìgbà yẹn ni Yorùbá bọ́ lẹ́nu mi: “Ẹ má pa wá, ọmọ yín ni wá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wá. Baálẹ̀ mọ̀ wá.” Ọwọ́ wọn rọ̀ lára mi.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́ ọ̀rẹ́ mi dé ìdí ọ̀pẹ kan lọ́ọ̀ọ́kán, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe agídí. Ó ti pẹ́ tó ti ń lé Yorùbá kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù dé, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nítòsí. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n túbọ̀ ń lù ú. Mo kígbe pé kó sọ Yorùbá, mo bú u, mo bú Màdáàmù mọ́ ọn. Bàbá tí a kọjá lára rẹ̀ ló gbé ẹrú ọkọ́ sókè, ó sì fi gbá a ní àgbọ̀n. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi àgbàdo gbígbẹ.

Baálẹ̀ ló sáré wá gbà wá, ọ̀rẹ́ mi ti ń tu eyín nígbà náà. Ní ọsibítù, wọ́n fi wáyà so àgbọ̀n rẹ̀ pa, wọ́n ní ẹnu náà ò ní là bọ̀rọ̀. Màdáàmù lọ bẹ àwọn òyìnbó. Àánú ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò lè dáhùn ìbéèrè, àwọn ò sì lè dúró.

Ọjọ́ tó yẹ kó wà níwájú wọn gan-an ni Baálẹ̀ mú bàbá náà wá sí ọsibítù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ọ̀rẹ́ mi, obìnrin tó tó bí lọ́mọ. Ó ní ọmọ òun ni wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ lórí, kò sì tíì ríran dáadáa. Ọwọ́ mi tó kù ń yún mi láti gbá a.

Ó wá sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. “Wọ́n ní o gbọ́ Yorùbá. Kí ló dé tí o ò kí mi, ọmọ mi? Bó o bá kí mi ni, ǹ bá mọ̀ ọ́ lọ́mọ èèyàn.”

Omi ń bọ́ lójú ọ̀rẹ́ mi sórí bándéèjì. Èmi ni mo fi ìbínú dáhùn pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní ká máa sọ.

Bàbá yíjú sí mi. Kò bínú rárá, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ó ní, “Ta lẹ wá ń bá sọ ọ́ nínú oko mi?”